Ìgbóná Ara Ìkókó, àti Ẹ̀jẹ̀ Díẹ̀ Tí Oníṣègùn Ń Béèrè

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá a ṣe ìlérí pé a ó sọ̀rọ̀ lórí ògì ọmọ tí a ń já lẹ́nu ọmú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ògì náà dúró di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú wa ní ilé ìwòsàn kan, kò sì tọ́ kí a pa á mọ́ra.

Abiyamọ kan gbé ìkókó rẹ̀ wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ọmọ náà pé ọjọ́ 24 ní òwúrọ̀ náà. Láti òru ni ara rẹ̀ ti ń gbóná. Ìyá àgbà ti fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ara rẹ̀, ara náà rọlẹ̀ díẹ̀, ó sì tún gbóná padà. Bí ẹ bá rí ọmọ náà, ẹ kò ní sọ pé ó ṣàìsàn púpọ̀. Ó ń mu ọmú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti máa ń pẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́, igbe rẹ̀ sì ròkè. Nọ́ọ̀sì fi tẹmọ́mítà wọn ara rẹ̀, ó kà á sí 38.4. Dókítà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí a gba ìtọ̀ ọmọ náà, kí a fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti pé ó lè di dandan kí a gba omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìgbà náà ni ìyá àgbà dìde. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀jẹ̀ wo ni ó wà lára ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí ẹ fẹ́ fà nínú rẹ̀? Ibà ni ó ń ṣe é. Ọmọ méje ni mo tọ́, kò sí èyí tí ibà kò ṣe nínú wọn. Ẹ fún wa ní oògùn ibà, kí á máa lọ sí ilé wa."

Ìyàwó náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ohun tí dókítà yóò sọ." Ìyá àgbà kò dá a lóhùn. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn ìyá náà lọ, fa àga kan, ó jókòó tì í. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé fún yín. Bí ọ̀rọ̀ mi kò bá wọ̀ yín létí, a ó tún un sọ."

Àwa tí a wà lórí bẹ́ǹṣì náà tẹ́tí sílẹ̀. Ohun tí ó sọ fún un, pẹ̀lú ohun tí àwa fúnra wa ti kà nípa ọ̀ràn náà láti ìgbà náà wá, ni a fẹ́ gbé ka iwájú yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà náà wò, nítorí ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. Ibà! Nínú èdè wa, orúkọ kan ṣoṣo yìí ni a fi ń pe ìgbóná ara, òun náà ni a sì fi ń pe àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó ràn wá. Nítorí náà, ní kété tí ara bá ti gbóná, ahọ́n wa ti dárúkọ àìsàn náà kí ẹnikẹ́ni tó wádìí rẹ̀. Fún àgbàlagbà, àṣìṣe yìí kì í sábà mú ewu ńlá wá. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ó lè gba ẹ̀mí. Ibà ẹ̀fọn kò wọ́pọ̀ lára ìkókó ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ bí ó ti wọ́pọ̀ lára ọmọ ọdún kan tàbí méjì, nítorí pé ọmọ náà ti gba ààbò díẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kí a tó bí i, irú ẹ̀jẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sì gbé wá sí ayé kò bá kòkòrò ibà lára mu dáadáa. A kò wí pé ibà kò lè ṣe é. Ó lè ṣe é, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí kò fi hàn pé kò sí ohun mìíràn níbẹ̀, nítorí àìsàn méjì lè jọ gbé inú ara kan.

Ohun mìíràn náà ni kòkòrò àrùn tí a ń pè ní bakitéríà. Ó lè wà nínú ìtọ̀. Ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó sì lè dé ibi awọ tí ó bo ọpọlọ, kí ó di àrùn yírùnyírùn. Òmíràn ti ara ìyá wá ní àkókò ìbí, òmíràn gba ojú ìwọ́ tí kò tíì jinná wọlé, òmíràn kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ó gbà. Ara ìkókó kò tíì kọ́ ogun jíjà. Ohun tí ara àgbàlagbà yóò dá dúró sí ojú kan lè kárí gbogbo ara ọmọ náà láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́.

Báwo ni ó ti wọ́pọ̀ tó? Láàárín ọdún 2011 sí 2013, àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì 26. Àwọn ìkókó tí kò ju ọjọ́ 60 lọ, tí ara wọn gbóná dé ìwọ̀n 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú 1,821 tí wọ́n gbé ìṣirò wọn jáde ní ọdún 2019, 170 ni ó ní àrùn bakitéríà líle. 151 ní in nínú ìtọ̀, 26 nínú ẹ̀jẹ̀, 10 sì ní in ní awọ ọpọlọ. Àwọn kan ní in ní ibi méjì, ìdí nìyí tí àròpọ̀ náà fi ju 170 lọ. Ó dín díẹ̀ ní ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Nínú àwọn tí ó kù, fáírọ́ọ̀sì ni ó sábà ń fa ìgbóná náà, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ a sì máa lọ fúnra rẹ̀.

Ẹ wá fi ojú inú wo ìyá mẹ́wàá lórí bẹ́ǹṣì kan, tí olúkúlùkù gbé ìkókó tí ara rẹ̀ gbóná lọ́wọ́. Ọmọ mẹ́sàn-án yóò sàn, oògùn ìbáà wà, ìbáà má sí. Ọ̀kan lè kú bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ kíákíá. Èwo ni? Àgbàlagbà tí yírùnyírùn ń ṣe yóò sọ pé orí ń fọ́ òun, ọrùn rẹ̀ yóò sì le gan-an. Ọrùn ìkókó kì í sábà le. Àwùjẹ̀ rẹ̀ lè wú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi wú, ilẹ̀ ti ń ṣú. Gìrì lè mú un, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró de gìrì ti dúró pẹ́ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìgbóná ara nìkan ni àmì tí ọmọ náà ní, pẹ̀lú ọmú tí kò mu tó bí ti àná. Ní ayé àwọn bàbá wa, ìkókó tí ara rẹ̀ gbóná ní ìrọ̀lẹ́ tí ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, àbíkú ni a sábà ń pè é, a ó sì sọ àwọn tí a bí tẹ̀ lé e ní Málọmọ́ àti Kòkúmọ́. Kò sí ẹni tí ó lè padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí wò mọ́.

Àwọn oníṣègùn pàápàá kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú lásán. Títí di nǹkan bí ọdún 1980 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ní Amẹ́ríkà ni pé kí wọ́n gba gbogbo ìkókó tí ara rẹ̀ bá gbóná sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn lára rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi oògùn apakòkòrò sí i lára láti ojú iṣan fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ó dára fún ọ̀kan nínú mẹ́wàá náà. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́sàn-án jìyà lásán: abẹ́rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, owó gọbọi, ọmú ìyá tí ń gbẹ nítorí àìsùn àti àníyàn. Ní ọdún 1985, àwọn oníṣègùn ní ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, gbé òfin kan jáde: ìkókó tí kò pé oṣù mẹ́ta, tí a bí nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, tí kò ní egbò tàbí etí dídùn, tí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ sì wà láàárín 5,000 sí 15,000, ewu rẹ̀ kéré. Àwọn ará Boston gbé tiwọn jáde ní ọdún 1992, àwọn ará Philadelphia ní ọdún 1993. Láti ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti di adájọ́ láàárín àwọn mẹ́wàá tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì.

Kí ni à ń pè ní ẹ̀jẹ̀ funfun? Bí a bá fi ẹ̀rọ amóhuntóbi wo ẹ̀jẹ̀ tí ó tó orí pínnì péré, a ó rí àwọn pupa ní àìmọye, a ó sì rí àwọn funfun ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín wọn. Àwọn funfun wọ̀nyí ni ọmọ-ogun ara. Bí ọ̀tá bá wọlé, a máa ń retí pé kí wọ́n pọ̀ sí i. Bí ogun náà bá sì le jù wọ́n lọ, wọ́n lè dín kù. Ìdí nìyí tí àwọn ará Rochester fi bẹ̀rù iye tí ó pọ̀ jù àti èyí tí ó kéré jù.

Ó dára lẹ́tà, ṣùgbọ́n ìkókó kò ka ìwé. Ní ọdún 2017, a gbé ìwádìí kan jáde lórí ìkókó 4,313 ní Amẹ́ríkà, tí 97 nínú wọn ní bakitéríà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ní awọ ọpọlọ. Nínú ọgọ́rùn-ún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, 27 péré ni ẹ̀jẹ̀ funfun wọn tó 15,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 10 péré sì ni tiwọn dín ní 5,000. Ó ju ìdajì wọn lọ tí iye ẹ̀jẹ̀ funfun wọn dàbí ti ọmọ tí kò ní nǹkan kan! A tẹ ẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ní ìlú wa, kíka ẹ̀jẹ̀ funfun ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni a sì fi ń parí. Bí ẹnì kan bá fi ìwé kékeré náà lé yín lọ́wọ́ tí ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín dára, ẹ máa lọ," ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ohun kan ṣoṣo yìí ni a yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní CRP. Ìtàn rẹ̀ pẹ́. Ní ọdún 1930, William Tillett àti Thomas Francis, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, ṣàkíyèsí pé omi inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń ṣe a máa dì pọ̀ bí a bá pò ó mọ́ ohun kan tí a yọ lára kòkòrò àìsàn náà, ohun tí wọ́n fún ní orúkọ C. Nígbà tí aláìsàn bá sàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè ohun tí ó ń fa dídì yìí, ó sì ń pèsè rẹ̀ púpọ̀ nígbà tí iná bá ń jó nínú ara. Àwọn oníṣègùn a máa fura bí ó bá ju mílígíráàmù 20 lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í yára. Bí ara ọmọ bá gbóná ní agogo márùn-ún ìdájí, tí a sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní agogo méje, CRP lè wà nílẹ̀ síbẹ̀ kí ó má tíì gòkè. Nítorí náà ni oníṣègùn fi máa ń bi yín pé, "Ìgbà wo ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná?" Ẹ má ṣe dáhùn pé "Ó ti pẹ́ díẹ̀." Ẹ dárúkọ agogo.

Àyẹ̀wò kẹta ni procalcitonin, orúkọ tí ó le lẹ́nu, ẹ forí jì wá. Ní ara tí ó le, ìwọ̀nba kín-ún ni a ń rí rẹ̀, ibi tí gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ sí ní ọrùn ni ó sì ti ń wá. Ní ọdún 1993, àwọn oníṣègùn ní ìlú Paris kéde pé nígbà tí bakitéríà bá wọ ara dáadáa, ohun yìí a máa ròkè gidigidi nínú ẹ̀jẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kì í sábà gbé e sókè bẹ́ẹ̀. Ó sì yára ju CRP lọ, nítorí láàárín wákàtí mélòó kan ni ó ti ń fara hàn. Òun náà ní àléébù tirẹ̀: ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí, a máa ròkè fúnra rẹ̀ lára ọmọ tí kò ṣàìsàn rárá, ẹni tí kò bá mọ èyí yóò sì dá ẹjọ́ èké.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí tí ó tó fi dá nìkan ṣe ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 2016, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù kan, tí àwọn ará Barakaldo ní Sípéènì ṣe aṣáájú wọn, fi hàn bí a ṣe lè gbé wọn tẹ̀ lé ara wọn: ìrísí ọmọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìtọ̀, lẹ́yìn náà procalcitonin, kí a tó wá kan CRP àti ẹ̀jẹ̀ funfun. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí a mẹ́nu kàn ní ìṣáájú pa ìtọ̀, irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí ó máa ń ṣáájú lọ sí ojú ogun, àti procalcitonin pọ̀. Nígbà tí wọ́n dán òfin wọn wò, nínú ọgọ́rùn-ún ìkókó tí ó ní àrùn líle, òfin náà mú nǹkan bí 98. Ẹ kíyèsí i pé kò mú ọgọ́rùn-ún.

Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ti Amẹ́ríkà kó gbogbo èyí jọ sí ìlànà kan fún ìkókó tí ara rẹ̀ gbóná ṣùgbọ́n tí ìrísí rẹ̀ dára. Ìlànà náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹjọ, tí í ṣe ọjọ́ tí àwa ń sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ náà kò sí nínú rẹ̀ rárá, nítorí ọ̀ràn tirẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 8 sí 21, ohunkóhun tí ẹ̀jẹ̀ ìbáà sọ, a ó gba omi ọ̀pá ẹ̀yìn, a ó dá ọmọ dúró ní ilé ìwòsàn, a ó sì fún un ní oògùn. Láti ọjọ́ 22 sí 28, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ 29 sí 60, bí ìtọ̀ bá mọ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì dára, a lè fi omi ọ̀pá ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ìyá sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé, bí ó bá lè gbé e padà wá fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kejì. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ orí ọmọ ni ó gbé ẹrù tí ó wúwo jù? Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe wí pé ọmọ náà "tó bí oṣù kan". Ẹ ka ọjọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo àyẹ̀wò tí a ti kà wọ̀nyí ń wo èéfín ni. Èyí tí ó kù ń wá iná fúnra rẹ̀. A ń gbin ẹ̀jẹ̀ ni. A ó fa ìwọ̀nba díẹ̀, a ó rọ ọ́ sí inú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, a ó sì gbé ìgò náà sí inú ẹ̀rọ tí ó móoru bí ara ènìyàn. Bí bakitéríà bá wà níbẹ̀, ìbáà ṣe díẹ̀ péré, yóò jẹun, yóò bí sí i, ẹ̀rọ náà yóò sì mọ̀ láti ara atẹ́gùn tí ó ń mí jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí í ṣe ọ̀tá tòótọ́ a máa fara hàn kí wákàtí 24 tó pé, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n rékọjá 36. Nígbà tí ó bá hù tán, a lè dán oògùn wò lórí rẹ̀ kí a mọ èyí tí yóò pa á.

Níhìn-ín ni àwa òbí ti ń fi ọwọ́ ara wa ba iṣẹ́ náà jẹ́. Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, a ti ra oògùn apakòkòrò ní ìsọ̀ olóògùn, a ti kán an sí i lẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀mejì. Oògùn náà kò tó láti pa ọ̀tá, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ó má hù nínú ìgò. Ìgò náà yóò mọ́, àrùn náà yóò sì wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má ṣe fi pamọ́; ẹ dárúkọ oògùn náà fún dókítà, ẹ mú ìgò rẹ̀ dání. Ní ti àgbo tútù tí a fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe, tí àwọn kan ń rọ sí ọmọ lẹ́nu nítorí gìrì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ojú ewé tirẹ̀. Ó ti pa ọmọ ní ilẹ̀ wa. Ẹ gbé e dànù.

Ẹ jẹ́ kí a dá ìyá àgbà lóhùn lórí iye ẹ̀jẹ̀, nítorí ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ìkókó tí ó wọn kílò mẹ́ta ní nǹkan bí mílílítà 240 ẹ̀jẹ̀ nínú ara rẹ̀. Mílílítà mẹ́ta tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń tó fún gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí, ṣíbí tíì kan kò sì kún pẹ̀lú rẹ̀. Ara ọmọ náà yóò tún un ṣe. A ti gbọ́ ọ tí àwọn kan ń sọ ọ́ lọ́jà pé wọ́n ń tà á. Ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò ra ẹ̀jẹ̀ tí kò kún ṣíbí.

A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn ìṣirò tí a kọ wọ̀nyí, láti ara àwọn ìkókó Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni ó ti wá, níbi tí ẹ̀fọn kì í kó ibà ràn wọ́n, tí irú kòkòrò tí ń bá wọn jà kò sì rí bí tiwa ní gbogbo ọ̀nà. Procalcitonin kò sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, owó rẹ̀ kò sì kéré níbi tí ó bá wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé mọ èyí. Nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2015, ó kọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti lo àmì tí ojú àti ọwọ́ lè mọ̀: ọmọ tí kò mu ọmú dáadáa, gìrì, àyà tí ń wọlé gidigidi bí ó bá ń mí, èémí tí ó tó 60 ní ìṣẹ́jú kan, ara tí ó gbóná dé 38, ara tí ó tutù ju 35.5 lọ, ọmọ tí kò mira bí a kò bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan tó fún ọmọ tí kò pé oṣù méjì. Ilé ìwòsàn ni ọ̀nà tí ìlànà náà fẹ́. Níbi tí kò bá sì ṣeé ṣe láti dé ibẹ̀, ó sọ irú abẹ́rẹ́ àti oògùn ẹnu tí a lè fún ọmọ nítòsí ilé. Ara ohun tí wọ́n gbé e kà ni ìwádìí tí a ṣe ní Congo, Kenya àti Nàìjíríà, tí Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Zaria sì wà lára àwọn ibi tí a ti ṣe é. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, "Kò sí ẹ̀rọ ní abúlé wa, ẹ jẹ́ kí á jókòó."

Ẹ fi ojú sí ara tí ó tutù tí a kà mọ́ àwọn àmì náà. Ọ̀pọ̀ ìyá mọ̀ pé kí wọ́n sá fún ìgbóná, ṣùgbọ́n ìkókó tí ara rẹ̀ tutù bí ẹja, tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, wọn a ní ó ń sinmi. Bí ìrísí ọmọ bá sì ti burú, kò sí àyẹ̀wò tí a ń dúró dè. Oògùn ni ó kọ́kọ́ ń wọlé.

Ní ti ọmọ ọjọ́ 24 tí a fi bẹ̀rẹ̀: bàbá rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó gbọ́ àlàyé náà, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ìtọ̀ mọ́. Àyẹ̀wò ibà kò rí nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ funfun jẹ́ 9,800, iye tí ẹnikẹ́ni kò lè bá wí. Ṣùgbọ́n CRP jẹ́ 46. Wọ́n gba omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ìyàwó náà sì bu sẹ́kún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Omi náà mọ́ gaara. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn ní wákàtí kan náà, wọn kò dúró de ìgò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ẹ̀rọ ti dún: ohun kan ti hù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ọjọ́ 10 ni ó fi gba abẹ́rẹ́, ìyá rẹ̀ ń fún un ní ọmú ní gbogbo ìgbà náà, ó sì lọ sí ilé nígbà tí ó ku ọjọ́ mélòó kan kí ó pé ogójì ọjọ́.

Ní òwúrọ̀ tí ẹ̀rọ dún, ìyá àgbà ní kí wọ́n fi ìgò náà han òun. Ọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kò jẹ́ kí ó wọlé, ṣùgbọ́n ó gbé ìgò náà sí ojú fèrèsé tí ó ní gíláàsì. Ìyá àgbà wò ó títí, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní òun kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju omi pupa lọ. Dókítà ní òun náà kò rí i.